Àkókò tó yẹ fún ìbẹ̀wò sí Òṣogbo

Òṣogbo ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹ̀bá rẹ̀ ni odò Ọ̀ṣun ń ṣàn gbà, etí odò náà sì ni Igbó Ọ̀ṣun wà, igbó òrìṣà tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa nìkan ló ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1999. Igbó, odò àti ọdún Ọ̀ṣun ló ń fa ọ̀pọ̀ àlejò wá. Ṣùgbọ́n ìlú tí ẹni tó dé lóṣù kẹjọ máa rí àti èyí tí ẹni tó dé nínú ọyẹ́ máa rí yàtọ̀ síra gan-an, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àlejò mọ ohun tó ń wá kó tó mú ọjọ́.

Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn

Àkọ́rọ̀ sábà máa ń rọ̀ lóṣù kẹta, òjò á sì máa bá a lọ títí àrọ̀kúrò á fi rọ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Àpapọ̀ òjò ọdún kan máa ń ju 1,200 mílímítà lọ. Oṣù kẹfà àti ìkeje ló ti máa ń le, á dẹwọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lóṣù kẹjọ, á sì tún padà dé pẹ̀lú agbára lóṣù kẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀rùn ló gba ìyókù ọdún. Inú ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni ọyẹ́ ti ń fẹ́, atẹ́gùn gbígbẹ tó ń ru eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Oṣù kejì àti ìkẹta ni ooru mú jù, tí ọ̀sán máa ń tó nǹkan bíi 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oṣù kẹjọ ni ara tù jù, nítorí ó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 28.

Oṣù kẹjọ àti ọdún Ọ̀ṣun

Ọ̀rọ̀ omi ló bí ìlú yìí gan-an. Ìtàn Òṣogbo sọ pé ọ̀dá ló mú kí Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn ṣí kúrò ní Ìpólé pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn láti wá ibi tí omi wà. Wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n ń gé igi láti tẹ̀dó, igi kan ṣubú sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ló ń sọ̀rọ̀. Òun àti Láròóyè ọba dá májẹ̀mú: àwọn èèyàn á máa bọ ọ́, òun náà á máa dáàbò bò wọ́n. Ẹja tó jáde sí ọba lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrúbọ ló bí oyè Atáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Májẹ̀mú yìí ni ọdún Ọ̀ṣun ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọdún náà ń gbà. Ìwọ́pópó ló ń ṣí i, nígbà tí Atáọ́ja àti àwọn ará ìlú bá jáde láti wẹ ọ̀nà mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tan iná olójú mẹ́rìndínlógún, àtùpà tó máa ń jó mọ́jú, tí ọba, àwọn olorì àti àwọn àwòrò máa ń jó yí ká. Ìboríadé ni wọ́n fi ń bọ adé àwọn Atáọ́ja tó ti wàjà. Ọjọ́ Arugbá ló kẹ́yìn: ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin, láti ìdílé ọba, á ru igbá láti ààfin dé odò, èrò á sì máa wọ́ tẹ̀lé e pẹ̀lú ìlù àti orin.

Àwọn olùjọ́sìn ń wá láti Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe Ọ̀ṣun ní Oxum, láti Cuba, níbi tó ti ń jẹ́ Ochún, àti láti Amẹ́ríkà. Ààfin ló ń kéde ọjọ́ ọdún, ọjọ́ náà kì í sì í bára mu lọ́dún kan sí èkejì. Òtẹ́ẹ̀lì máa ń kún, nítorí náà kí àlejò ti gba yàrá ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ wo ère inú igbó dáadáa kò ní rí àyè lọ́jọ́ Arugbá, nítorí èrò tó wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ kó dúró síbi kan.

Omi odò náà tún gba ìṣọ́ra. Ìwakùsà wúrà lápá òkè odò, ní agbègbè Iléṣà, ti sọ ọ́ di pípọ́n rúsúrúsú láti bí ọdún mélòó kan, tí ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá kò fi mú un mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ kí àwọn olùjọ́sìn má ṣe mu ún. Ìbànújẹ́ ńlá ni, nítorí omi yìí ni wọ́n ń bu mu fún ìwòsàn àti ọmọ bíbí.

Oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejìlá

Fún ẹni tí kì í ṣe ọdún ló bá wá, kò sí àkókò tó dà bí èyí. Àrọ̀kúrò ti lọ, ilẹ̀ ti gbẹ, ewé ṣì tutù lórí igi, odò kò sì tíì fà. Igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ojúbọ bí 40 ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ sì ni wọ́n fi ń rìn ín. Lásìkò òjò, ọ̀nà ibẹ̀ máa ń yọ̀. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà, bíi Adébísí Àkànjí, ni wọ́n mọ àwọn ère ńlá inú igbó. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú wọn, òjò sì ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn jù.

Àwọn aláró pẹ̀lú máa ń ráyè ṣiṣẹ́ lásìkò yìí. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń pe ìlú náà, àdìrẹ tí wọ́n bá sì ti inú ìkòkò aró yọ gbọ́dọ̀ rí atẹ́gùn àti oòrùn. Àlejò tó bá fẹ́ rí aṣọ lórí okùn, tàbí tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aró, ẹ̀ẹ̀rùn ni kó wá.

Ọyẹ́, ooru àti òjò

Ìparí oṣù kejìlá ni àwọn ọmọ ìlú ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ wá ṣọdún Kérésì, ọkọ̀ á sì wọ́n. Òwúrọ̀ ọyẹ́ tutù, ètè á máa là, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹni tó ní ikọ́ ée. Àgbálùmọ̀ máa ń kún ọjà lásìkò náà. Oṣù kejì àti ìkẹta ló nira jù fún ẹni tí kò mọ ooru lára: odò á ti fà, ọ̀pọ̀ ewé á sì ti rẹ̀ dànù.

Ẹ̀fọn pọ̀ lásìkò òjò, nítorí náà kí àlejò mú nẹ́ẹ̀tì àti oògùn ibà dání. Yàtọ̀ sí ìgbà ọdún Ọ̀ṣun, èrò kì í pọ̀ nígbà náà, àgbàdo tuntun á sì wà lójú iná níbi gbogbo. Oríṣi ewéko tó wà nínú igbó náà ju 400 lọ, ó sì ju 200 nínú wọn tó jẹ́ egbòogi. Ẹni tó bá wá kọ́ nípa ewé àti egbò, oṣù kẹfà tàbí ìkẹsàn-án ló yẹ kó wá, nígbà tí gbogbo wọn bá yọ lórí ilẹ̀. Kó wọ bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀.