Tábìlì ìkọ̀wé àtijọ́ àti ohun èlò onídẹ nínú ọ̀ṣọ́ ilé

Tábìlì ìkọ̀wé àtijọ́ ni tábìlì onígi tí wọ́n kàn fún ìwé kíkọ láyé ọjọ́un, tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé sí iyàrá títí di òní, yálà fún iṣẹ́ tàbí fún ẹwà. Lẹ́nu àwọn tó ń tà á, èyí tó ti pé 100 ọdún ni antique. Èyí tí kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá, ni vintage. Idẹ kì í sábà jìnnà sí i: òun ni wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ tí a fi ń fa dúróà, àgbékọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀, àti awẹ́ pẹlẹbẹ tó yí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ká. Ibùsùn onídẹ náà gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni inú ọ̀pọ̀ wọn, idẹ fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó.

Lára àwọn tó lókìkí jù ni tábìlì ọba Louis XV ti ilẹ̀ Faransé. Káfíńtà Jean-François Oeben bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1760, ó kú kó tó parí, káfíńtà mìíràn, Jean-Henri Riesener, sì parí rẹ̀ ní 1769. Ìdérí rẹ̀ tẹ̀, ó sì ń yí wọlé sínú tábìlì náà. Ní Amẹ́ríkà, William S. Wooton gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí tábìlì tirẹ̀ ní 1874, èyí tó ń ṣí bí ìlẹ̀kùn méjì, tí àìmọye àlàfo ìwé sì wà nínú rẹ̀. Tábìlì Resolute tí àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà ń lò wá láti ara pákó óákù ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọbabìnrin Victoria ló fi ta Ààrẹ Hayes lọ́rẹ ní 1880.

Igi mahogany gba ọjà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n mú owó ibodè kúrò lórí rẹ̀ ní 1721. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n ń gé e ní Jàmáíkà àti ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Belize lónìí. Ó yẹ kí ẹni tó ń yọ̀ sí ẹwà igi náà mọ èyí.

Dídá ọjọ́ orí rẹ̀ mọ̀

Inú dúróà ló ń sọ òótọ́. Fà á yọ pátápátá, kí o wo ibi tí iwájú rẹ̀ ti so mọ́ ẹ̀gbẹ́, níbi tí pákó méjèèjì ti wọnú ara wọn bí ìrù ẹyẹlé. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi gé e, ìrù náà kì í dọ́gba, a sì lè rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí káfíńtà fi abẹ fà kó tó gé e. Ti ẹ̀rọ dọ́gba bí eyín òòyà. Yí i dojú dé: ayùn ọwọ́ ń fi ilà tààrà sílẹ̀, ayùn roboto sì ń fi ilà tó tẹ̀ sílẹ̀. Bí ihò tí kò ní iṣẹ́ bá wà lẹ́yìn ọwọ́ ìfà, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ rí. Òòfà kì í fa ojúlówó idẹ. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ló wà nísàlẹ̀.

Gbígbé e kalẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀

Tábìlì ńlá kan ti tó fún iyàrá kan. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọ̀ṣọ́, nítorí náà ara ògiri ló yẹ wọ́n. Èyí tí wọ́n kàn fún ẹni méjì tó dojú kọra ló lè dúró láàárín ilé. Oòrùn ojú fèrèsé ń ṣá àwọ̀ mahogany. Àtùpà onídẹ dára gan-an lórí igi tó dúdú, kò sì pọn dandan kí gbogbo idẹ inú iyàrá jọra. Bàbà àti sinki ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ di idẹ: bí sinki bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń pọ́n bí ìyeyè; bí bàbà bá pọ̀, ó máa ń pupa.

Shellac, ìyẹn oje kòkòrò tó ń mú igi dán, ni wọ́n fi kun ọ̀pọ̀ tábìlì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ife tí omi wà nídìí rẹ̀ ń fi òrùka funfun sí i lára, spírítì sì ń yọ́ ọ. Aṣọ rírọ̀ àti ìda oyin díẹ̀ ti tó. Fífá a títí yóò fi dà bí tuntun ń ba iyì rẹ̀ jẹ́, nítorí dídán ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹn ni àwọn olùrà ń wá. Bí a bá fẹ́ nu idẹ, a máa ń gé páálí yí ọwọ́ ìfà ká, kí oògùn ìnudẹ má baà kán sórí igi, kó sì gbẹ sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ ní funfun.