Ìdí Tí Ojú Aago Eré Ìdárayá Fi Ń Ṣòro Láti Rí Lábẹ́ Oòrùn

Aago ọwọ́ tí àwọn tó ń sáré tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń lò lè ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì lè fi sátẹ́láìtì wọn ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti rìn, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ yẹn kò já mọ́ nǹkan kan bí ẹni tó so ó mọ́ ọwọ́ kò bá lè ka nọ́ńbà ojú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì tí ó ráyè láti fi wò ó. Ẹni tó bá sáré láti Adó-Èkìtì lọ sí Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí oòrùn ti gòkè dáadáa mọ ìṣòro náà: á gbé ọwọ́ sókè, ìkùukùu ni yóò rí nínú dígí dípò nọ́ńbà, á wá fi ọwọ́ kejì ṣíji bò ó, bẹ́ẹ̀ ni ìṣísẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe dàrú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojú àwọn ló ti ń rẹ̀ tàbí pé aago tí kò dára ni àwọn rà. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń bá ara wọn jà lójú aago, èyí tó bá sì borí nínú méjèèjì ni ojú yóò rí.

Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tí aago fúnra rẹ̀ ń mú jáde. Èkejì ni èyí tó ti ojú ọ̀run wá, tó kan dígí, tó sì ta padà sí ojú ẹni tó ń wò ó. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa da nǹkan bí 100,000 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan) sórí ilẹ̀, nígbà tí inú yàrá tí a tan iná sí kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Dígí lásán a máa dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án padà. Ìdá mẹ́rin yẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ìkùukùu funfun tí oòrùn ń ràn sí lè mọ́lẹ̀ tó nǹkan bí 10,000 nit, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń sọ bí ohun tí a ń wò ṣe mọ́lẹ̀ tó, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 400. Bí nọ́ńbà funfun ojú aago bá ń tàn ní 1,000 nit, ohun tí ojú ń rí níbi tí nọ́ńbà wà jẹ́ 1,400, ohun tí ó sì ń rí níbi tó yẹ kó dúdú jẹ́ 400, nítorí pé ìkùukùu inú dígí bo ibi méjèèjì bákan náà. Nọ́ńbà náà kò wá mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ju ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Bí aago bá ti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù sí 300 nit kí bátìrì lè pẹ́, ìṣirò náà á di 700 sí 400, kò sì ní í pé ìlọ́po méjì. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, aago kan náà lè fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún hàn. Aago kò yí padà. Ibi tí a wà ló yí padà.

Ohun tí wọ́n fi ṣe dígí náà ní ipa tirẹ̀. Àwọn aago olówó iyebíye kan ń lo òkúta sáfírè dípò dígí, nítorí pé ó le gan-an, kì í sì í tètè họ. Ṣùgbọ́n sáfírè tí a kò fi nǹkan pa lójú a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà tó ìlọ́po méjì ti dígí lásán, nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń gun àpáta Olósùnta nílò ohun tí kì í họ. Ẹni tó jẹ́ pé títì ọ̀dà ni ó ń sáré lé lè má nílò rẹ̀ rárá, tó sì jẹ́ pé owó gọbọi ló fi ra ìdíwọ́ kún ìdíwọ́. Ọ̀rá tí àwọn ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ ojú aago láti dáàbò bò ó náà ń fa irú nǹkan báyìí, pàápàá bí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ rẹ̀, nítorí gbogbo ibi tí dígí tàbí rọ́bà bá ti pàdé afẹ́fẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta padà.

Ìgbà ọyẹ́ ń dá ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkìtì. Eruku tó ń bá atẹ́gùn wá láti aṣálẹ̀ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn káàkiri, débi pé gbogbo ojú ọ̀run á funfun láti ìhà kan dé èkejì. Oòrùn fúnra rẹ̀ kò mú tó ti oṣù kẹrin, nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan sórí ènìyàn lọ́sàn-án, síbẹ̀ kò sí ibi tí a lè kọ ojú aago sí lójú ọ̀run tí dígí kò ní í rí funfun dá padà.

Ẹ̀yà ojú aago méjì ló gbòde láàárín àwọn eléré ìdárayá. Àkọ́kọ́ ni AMOLED, nínú èyí tí píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán ojú aago, ń mú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ jáde: èyí tó yẹ kó dúdú á kú pátápátá, èyí tó yẹ kó funfun á tàn. Àwọ̀ rẹ̀ ń dán, ó sì ń fa ojú mọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù. Lábẹ́ oòrùn, ó dà bí àtùpà tí a tàn ní ọ̀sán gangan: bí ọ̀sán bá ṣe ń mọ́lẹ̀ sí i ni ó ní láti máa jó epo sí i kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń tàn, epo tó sì ń jó náà ni bátìrì. Èkejì ni MIP, ìran LCD kan (ojú ẹ̀rọ tí píkísẹ́lì rẹ̀ kì í mú ìmọ́lẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, tó kàn ń ṣí tàbí tì fún un) tí a kọ́ ìrántí kékeré sínú píkísẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí èyí fi lè di àwòrán mú láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ń fi iná ránṣẹ́ sí i lemọ́lemọ́. Ohun kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà wà lẹ́yìn àwọn píkísẹ́lì náà. Oòrùn á gba inú dígí wọlé, á kan ohun yìí, á sì tún gba ibi tí píkísẹ́lì bá ṣí sílẹ̀ jáde wá. Oòrùn tó ń bá AMOLED jà gan-an ni MIP fi ń ṣiṣẹ́, bí ó bá sì ṣe ń mú tó ni nọ́ńbà rẹ̀ ń hàn tó, láìsí pé bátìrì ń san gbèsè kankan fún un.

MIP náà ní àbùkù tirẹ̀. Àwọ̀ 64 péré ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí Garmin, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe aago eré ìdárayá, ń lò lè fi hàn, àwọ̀ náà kì í sì í dán. Lábẹ́ igi tó yí orísun omi gbígbóná Ìkògòsì ká, níbi tí oòrùn kò ti fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, a ó sì ní láti tẹ bọ́tìnnì kí iná ẹ̀yìn rẹ̀ tó tàn. Ọjà ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú: aago Forerunner 255 tí Garmin gbé jáde ní 2022 jẹ́ MIP, Forerunner 265 tó tẹ̀ lé e ní 2023 sì jẹ́ AMOLED. Ó yé ni ìdí tí ọjà fi lọ bẹ́ẹ̀, nítorí abẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù ni a ti ń ra aago, kì í ṣe lójú títì. Síbẹ̀ ó jẹ́ àdánù fún ẹni tó jẹ́ pé ọ̀sán ni ó ń sáré.

Àwọn tó ń ṣe AMOLED kò káwọ́ gbera. Apple sọ pé aago rẹ̀ Watch Ultra ti 2022 lè tàn dé 2,000 nit, àti pé Ultra 2 ti 2023 lè dé 3,000. Ìṣirò òkè yẹn fi hàn pé irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń borí ìkùukùu dáadáa. Ohun tó yẹ kí olùrà mọ̀ ni pé òkè tí aago lè gùn dé ni nọ́ńbà náà, kì í ṣe ibi tó ń gbé. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ àyíká ló ń pinnu bí ojú aago yóò ṣe tàn tó. Bí apá aṣọ bá bo ẹ̀rọ yìí, aago á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, bí asáré bá sì já láti abẹ́ igi bọ́ sínú oòrùn, ó lè gba ìgbà díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó bá a mu.

Àwọ̀ tí a yàn fún nọ́ńbà ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Nínú ìmọ́lẹ̀ funfun tí ojú ẹ̀rọ ń mú jáde, nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ojú ń rí bíi mímọ́lẹ̀ ló ti ara àwọ̀ ewé wá, 21 láti ara pupa, 7 péré láti ara búlúù. Ojú aago tó ń tàn ní 1,000 nit bí ó bá funfun kò ní í tàn ju nǹkan bí 70 lọ bí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ búlúù, tí ìkùukùu inú dígí sì jẹ́ 400. Kò sí ojú tó lè ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú eré.

Láti fi bátìrì pamọ́, ọ̀pọ̀ aago AMOLED a máa pa ojú wọn, wọn a sì dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá gbé wọn sókè. Ẹ̀rọ kan nínú wọn ń fi bí ọwọ́ ṣe ń mì mọ̀ pé ẹni náà fẹ́ wo aago. Lórí ìjókòó, iṣẹ́ yìí rọrùn. Nínú eré, ọwọ́ ń jù síwá-sẹ́yìn láìdúró, ẹ̀rọ náà sì ní láti yọ ìwò kúrò nínú ìjù, pàápàá lórí òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí ènìyàn ti ń ká ọwọ́ sókè láti fi gun òkè. Nígbà mìíràn ojú aago á tàn nígbà tí ojú ti kúrò lára rẹ̀. A lè sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé kí wọ́n má ṣe pa ojú wọn rárá níwọ̀n ìgbà tí eré bá ń lọ. Bátìrì yóò tètè tán, ṣùgbọ́n fún eré wákàtí kan tàbí méjì, ohun tí a rí gbà ju ohun tí a pàdánù lọ.

Ojú ènìyàn náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti nǹkan bí ọdún 40 sí 45 lọ, lẹ́ńsì inú ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní í lè wo ohun tó súnmọ́ tòsí kedere mọ́, bẹ́ẹ̀ aago orí ọwọ́ tí a ká kì í jìnnà sí ojú ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Èyí ń yọrí sí ohun kan tó ń ya àwọn àgbà lẹ́nu: nọ́ńbà tí wọn kò rí kà ní ìdájí lè hàn sí wọn lọ́sàn-án. Nínú oòrùn, ọmọlójú á sún kì, ọmọlójú kékeré sì ń jẹ́ kí ohun tó wà nítòsí mọ́ kedere díẹ̀ sí i. Nínú òkùnkùn ó á fẹ̀, ohun gbogbo á sì rí ṣúúṣùù. Ẹni tó bá ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nílò nọ́ńbà tó tóbi gan-an ju iná tó mọ́lẹ̀ lọ. Lójú aago tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, nọ́ńbà méjì lẹ́ẹ̀kan náà ti tó: bóyá bí eré ṣe yá tó àti bí ọkàn ṣe ń lù. Àwọn tó ń to nọ́ńbà mẹ́fà sójú aago kan ń fi ìwọ̀n tí wọn kò lè kà rọ́pò èyí tí wọ́n lè kà.

Igun tí a gbé aago sí náà kò ṣeé fojú fò. Bí aago bá wà nísàlẹ̀ nítòsí ikùn, tí a kàn rẹ ojú sílẹ̀ wò ó, ojú ọ̀run iwájú ni dígí yóò fi hàn wá. Bí a bá gbé e sókè tí a kọ ọ́ sí ojú gangan, ojú asáré fúnra rẹ̀ lábẹ́ fìlà ni dígí yóò gbé, ìyẹn sì ṣókùnkùn ju ojú ọ̀run lọ fíìfíì. Ní pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ní Adó, tí a fi orúkọ sárésáré tó wà lára ikọ̀ Nàìjíríà tó gba fàdákà nínú eré oní-100 mítà lọ́nà mẹ́rin ní Barcelona ní 1992 pè, ẹnikẹ́ni lè fi òwúrọ̀ kan dán èyí wò. Nígbà tí oòrùn bá wà níwájú asáré, òjìji ló bo ojú aago, AMOLED á hàn, MIP á sì ṣókùnkùn. Nígbà tó bá yí padà tí oòrùn bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba èjìká bọ́ sójú aago, MIP á hàn gedegbe, AMOLED ni yóò kàn wá máa jìjàkadì.

Òógùn ń ṣe ibi lọ́nà méjì. Ẹ̀kán rẹ̀ lórí dígí ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń gbé iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ìyípadà iná ni ojú aago tí a ń fi ìka tẹ̀ fi ń mọ ìka. Aago lè gba òógùn sí ìka, kí ó sì yí ojú ìwé fúnra rẹ̀ tàbí kí ó kọ̀ láti dáhùn. Aago tó ní bọ́tìnnì gidi, tí a sì lè ti fífọwọ́kàn rẹ̀ pa nínú eré, kì í ní ìṣòro yìí.

Ó ku ti awò ojú tí wọ́n ń pè ní polarized. Awò yìí ń dá ìmọ́lẹ̀ tó ń mì sí ìhà kan dúró, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń jáde láti ojú MIP àti ti ọ̀pọ̀ AMOLED ti gba àsẹ́ irú rẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀. Bí àsẹ́ méjèèjì bá dábùú ara wọn, ojú aago á dúdú pátápátá nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é. Kí ènìyàn tó sanwó, ó dára kí ó mú aago náà jáde síta ṣọ́ọ̀bù sínú oòrùn, kí ó wọ awò tí yóò máa fi sáré, kí ó sì yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti igun kan dé èkejì.