Kì Í Ṣe SS3 Lọmọ Yín Ti Fìdí Rẹmi

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òbí mẹ́ta ló ti jókòó níwájú tábìlì mi. Bàbá kan fẹ́ kí n júwe sẹ́ńtà tí wọ́n ti máa “ran ọmọ lọ́wọ́” fún òun. Ìyá kan kó bírò méjìlá wá, ó ní wọ́n ti gbàdúrà sí i, kí n bá òun fi pa mọ́ títí di ọjọ́ ìdánwò kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ òun má baà fọwọ́ kàn án. Ẹnì kẹta ò béèrè nǹkan kan, ẹkún ló ń sun. Ọmọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní SS3, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí WAEC bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 22 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùdámọ̀ràn nílé ìwé girama ìjọba, lápá Òkè-Ògùn. Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe SS3 lọmọ yín ti fìdí rẹmi. SS1 ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé gbọọrọ kan tó wà lórí tábìlì olùkọ́ kíláàsì, tí ẹ̀yin òbí kì í béèrè rẹ̀ láéláé. Rẹ́jísítà ni mò ń wí. Láàárọ̀, olùkọ́ á pe orúkọ, ọmọ tó bá jẹ́ “Prẹ́sẹ́ńtì!” á gba ìlà kan. Lọ́sàn-án, á gba ìlà kejì. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, òdo ni tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ tó máa yege, ẹ fi ipò tó gbà lọ́dún tó kọjá sílẹ̀, ẹ ka òdo rẹ̀.

Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi a máa ní ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà ti pọ̀ jù lẹ́nu mi. Kò tíì pọ̀ tó. Ní ìlú Chicago lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí yunifásítì ibẹ̀ gbé àbọ̀ kan jáde lọ́dún 2005: ọmọ tó bá parí ọdún àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama láìkù sẹ́yìn, ó fi ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ ju ẹni tó kù sẹ́yìn lọ láti jáde lásìkò. Lọ́dún 2007, wọ́n tún ṣe òmíràn. Wọ́n rí i pé wíwá sí kíláàsì ń sọ ẹni tó máa fìdí rẹmi lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ju máàkì ìdánwò tí ọmọ gbé wọlé lọ. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́ nípa ìwádìí wọn, nítorí pé mo máa ń ka òdo.

Ẹ wo ìṣirò, òun ló sábà ń dá wọn dúró. Ní SS1, wọ́n á kọ́ wọn ní indices. Ẹ̀yìn indices ni logarithm ń gùn. Ọmọ tí kò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun á dé lọ́jọ́rú, á bá wọn lórí ohun tó dúró lé èyí tí kò gbọ́. Ojú á tì í láti béèrè. Á da ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ láìmọ ohun tó ń kọ. Tó bá tó oṣù kan, á kúrò níjòókòó iwájú, á lọ bá àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé ẹ̀yìn. Ní SS2, á wò yín lójú, á ní, “Orí mi ò gba ìṣirò.” Irọ́ ni, kò sóhun tó ṣe orí rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sọnù tí ẹnikẹ́ni ò bá a wá padà. Nínú bébà tíọ́rì WAEC, ìbéèrè márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, máàkì 40 ló wà lórí wọn, mi ò sì rántí ọdún tí ohun tí wọ́n kọ́ ní SS1 kò sí níbẹ̀.

Àwọn alágbo àti afọ́nnu tó ń polówó ìsọyè lórí rédíò àti WhatsApp bí ìdánwò bá ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, ara mi kì í gba tiwọn. Owó tí ìyá kan fi ra ìgò kan lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó kọjá tó ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá fún ọmọ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé ìsọyè ń jẹ́. Ohun téèyàn ti gbọ́ rí nìyè ń rántí. Kí lọmọ tí kò sí ní kíláàsì fẹ́ rántí? Bírò tí wọ́n gbàdúrà sí náà ńkọ́? Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n bírò ò mọ ohun tó máa kọ.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ńtà burú jùyẹn lọ. Bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa ní SS3, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní mi ò fẹ́ ire fún ọmọ òun. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n dá tiwọn dúró, nígbà tó yá wọ́n fagi lé e. Ọmọ yẹn ì bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gba kírẹ́díìtì mẹ́rin, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò ní ẹyọ kan.

Ẹni tó ń sunkún yẹn ni mo bá ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó láti kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó tó láti mú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti mẹ́ta tọ́mọ náà mọ̀ jù, ká máa fi ìbéèrè àtẹ̀yìnwá gbá a lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìparí ilé ìwé. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún NECO pẹ̀lú. Bí ẹyọ kan bá já, GCE wà níwájú.

Ṣùgbọ́n SS1 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti wá bá mi, nítorí ọmọbìnrin kan tí mi ò lè gbàgbé. Ipò keje ló gbà ní sáà kìíní nínú ọmọ 58. Ní sáà kejì, ó bọ́ sí 41. Olùkọ́ kan ní ó ti ń tẹ̀ lé ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni, ó sì ti ń bá aláàfáà kan ṣètò sàráà. Mo ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà wá.

Lọ́sẹ̀ kìíní, òdo wà lábẹ́ ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì. Lọ́sẹ̀ kejì, Ìṣẹ́gun. Lọ́sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú. Lọ́sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó tún padà sí Ajé àti Ẹtì. Àwọn òdo náà ń rìn lójú ìwé bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àìsàn kì í rìn báyẹn. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ọkùnrin kì í ní ìṣirò tó gún tó bẹ́ẹ̀. Mo fìka ka ọjọ́ títí, ló bá yé mi: ọjà ọrọọrún! Ọjà wa kì í bá ọjọ́ méje rìn, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn sí olùkọ́ kankan. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n ń ná an. Méjì á bọ́ sí Àbámẹ́ta àti Àìkú, márùn-ún á bọ́ sí ọjọ́ ilé ìwé. Márùn-ún nínú ogún ọjọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Rẹ́jísítà kì í jáde nílé ìwé, nítorí náà mo dà á kọ, mo lọ sílé wọn lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ìyá náà ń ku èlùbọ́, eruku rẹ̀ ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìyá àgbà tó máa ń bá a gbẹ́rù ti ṣubú nígbà ọlidé Kérésì, kò lè rìn mọ́, ọmọ ló gbapò rẹ̀. Mo tẹ́ bébà náà sílẹ̀, mo nawọ́ sí àwọn òdo. Kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, “Èyí lọjọ́ tí ọkọ̀ bàjẹ́ sí wa lọ́nà. Èyí lọjọ́ tí oníbàárà ará Ìbàdàn ra àpò mẹ́ta.” Ó ka rẹ́jísítà náà dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. “Àǹtí, ẹ má bínú. Mo rò pé díẹ̀ díẹ̀ ni mò ń gbà á lọ́wọ́ yín ni.”

Mi ò ní kó má tajà mọ́, nítorí ọjà ló ń san owó ìwé. A ṣàdéhùn pé alábàárù ni yóò gbẹ́rù láàárọ̀, ọmọ á wá bá a nísọ̀ lẹ́yìn ago méjì. Ọjọ́ tí kò bá sí ọ̀nà míì, kó sọ fún olùkọ́ kíláàsì lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí tíṣà ìṣirò sì fi ìsinmi ọjọ́ kejì bá a tún un ṣe. Ní SS3, ó gba kírẹ́díìtì méje, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. D7 ló ní nínú ìṣirò. Ó padà lọ fi GCE gba C6, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Nígbà tó ṣì wà ní SS1 yẹn, mo tún yà síbẹ̀ ní sáà kẹta. Ìyá rẹ̀ mú mi dé ìdáná. Ó ti ń fi èédú fa ìlà sára ògiri, méjì méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tọ́mọ bá lọ, òdo kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, mo ṣí rẹ́jísítà wa, mo fi wé e. Ó bára mu.