Akupọ́ńṣọ̀ fún másùnmáwo ọlọ́jọ́ pípẹ́

Akupọ́ńṣọ̀ ni ìtọ́jú ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ti máa ń ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ àwọn ojú ibi pàtó lára. Abẹ́rẹ́ náà kò ní ihò, wọn kì í sì fi fún ènìyàn ní oògùn. Kì í ṣe gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń fi ra ojú rẹ̀. Huangdi Neijing, ìwé tó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún, wà lára àwọn ìwé tó pẹ́ jù lọ tó ṣàlàyé rẹ̀. Ní 2010, àjọ UNESCO fi í kún àwọn àṣà àjogúnbá tí gbogbo ayé ń dáàbò bò.

Másùnmáwo ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń bá ẹni tí ìdààmú rẹ̀ kò dáwọ́ dúró: gbèsè, iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé. Bí ẹ̀rù bá bani, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lé kíndìnrín, wọn a sì tú èròjà adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà a máa já, iṣan ara a sì le. Bí ewu bá kọjá, ara a rọlẹ̀. Ti ẹni tí wàhálà rẹ̀ kò tán ni kì í rọlẹ̀: oorun a dá lójú rẹ̀, ọrùn a máa ro ó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a máa ga.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Olùtọ́jú á kọ́kọ́ béèrè nípa oorun àti oúnjẹ, á wo ahọ́n, á sì fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ méjèèjì láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Fún másùnmáwo, àwọn ojú tó wọ́pọ̀ ni Yintang láàárín irun ìpéǹpéjú méjèèjì, Baihui ní àtàrí, Shenmen ní ọrùn ọwọ́ níhà ọmọńdinrín, Neiguan ní inú apá, àti Zusanli ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Abẹ́rẹ́ náà kì í sábà nípọn ju 0.3 mm lọ. Ó máa ń ta ènìyàn díẹ̀ bó bá ń wọlé, lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ á wúwo tàbí kí ó máa ṣe wìnnìwìnnì. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sùn lọ lórí ibùsùn.

Ilé ìwòsàn Lincoln

Ní agbègbè Bronx ní New York ni ẹ̀ka ìtọ́jú yìí kan ti gbilẹ̀. Ní November 1970, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ Young Lords, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Puerto Rico, gba apá kan ilé ìwòsàn Lincoln pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, wọ́n sì dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn tí oògùn olóró heroin ti di bárakú fún. Mutulu Shakur, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn tó mú akupọ́ńṣọ̀ wọ ibẹ̀. Etí ni wọ́n gbájú mọ́: abẹ́rẹ́ márùn-ún ní etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn aláìsàn á jókòó sórí àga nínú yàrá kan náà, láìbọ́ aṣọ, láìsọ ìtàn ìgbésí ayé wọn fún ẹnikẹ́ni. Dókítà Michael Smith wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ìlànà, ẹgbẹ́ NADA (National Acupuncture Detoxification Association) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 sì ń fi í kọ́ àwọn ẹlòmíì. Lẹ́yìn ìkọlù 11 September 2001 ní New York àti ìjì Katrina ní 2005, ìlànà kan náà ni wọ́n fi ran àwọn tí ọkàn wọn dàrú lọ́wọ́. Àwọn tálákà tí wọn kò rí olùtọ́jú ọkàn bá sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, ó sì yẹ kí a rántí èyí nígbà tí a bá ń rí i ní ilé ìtọ́jú ara àti ìsinmi olówó ńlá.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Àlàyé àtijọ́ ni pé agbára ìyè tí wọ́n ń pè ní qi ń ṣàn ní ojú ọ̀nà inú ara. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn òde òní kò rí ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ní 2013, Ladan Eshkevari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Georgetown fi òtútù dààmú àwọn eku, wọ́n sì ki abẹ́rẹ́ bọ ojú Zusanli wọn. Èròjà másùnmáwo inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ga tó ti àwọn eku tí wọn kò tọ́jú.

Ti ènìyàn ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti dá iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ìrètí, àwọn olùwádìí máa ń lo abẹ́rẹ́ ayédèrú, irú èyí tí Konrad Streitberger gbé jáde ní 1998: ó ń fara kan awọ, kò wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara máa ń tu àwọn tí wọ́n lo ayédèrú pẹ̀lú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kì í sì í pọ̀. Ìtura náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìsinmi, ìdákẹ́jẹ́ àti ọwọ́ ẹni tó fara balẹ̀ gbọ́ni ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú ní Bìrìtéènì, gbé jáde ní 2012 fọwọ́ sí akupọ́ńṣọ̀ láti dènà ẹ̀fọ́rí, kì í ṣe láti wo másùnmáwo.

Ewu rẹ̀ kò pọ̀ bí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ tuntun tí wọ́n á sọ nù lẹ́yìn ẹnì kan. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti ara dídúdú lójú ibẹ̀ ló wọ́pọ̀. Kí abẹ́rẹ́ gún ẹ̀dọ̀fóró ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn ìfúnpá tàbí ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn má sì dá a dúró nítorí abẹ́rẹ́.