Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí Ẹ Kò Gbọdọ̀ Kà fún Ẹnikẹ́ni

Iṣẹ́ ààbò fóònù àti àkáǹtì orí ayélujára ni mo ń ṣe nílùú Ìbàdàn, ẹjọ́ tí ó sì ń dé iwájú mi jù lọ ni ti àwọn tí wọ́n ní wọ́n ti “háàkì” WhatsApp àwọn. Bí mo bá béèrè bóyá wọ́n ka nọ́ńbà kankan fún ẹnikẹ́ni, ìdáhùn àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ rárá. Ìgbà tí a bá jọ ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn wò ni wọ́n ń rántí pé ẹnì kan pè, pé ó ní kóòdù ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, tàbí ti ìrẹsì ọ̀fẹ́. Inú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gan-an ni WhatsApp ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi kóòdù náà han ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí ó háàkì nǹkan kan níbẹ̀.

WhatsApp kò mọ ojú yín. Nọ́ńbà fóònù ni ó fi ń dá yín mọ̀. Bí olè bá tẹ nọ́ńbà yín sórí fóònù tirẹ̀, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà yóò wọlé sórí síìmù tí ó wà lọ́wọ́ yín, nítorí pé ẹni tí ó bá lè ka kóòdù náà ni wọ́n kà sí ẹni tí ó ni ín. Gbogbo ìtàn tí olè ń pa kò ju ọgbọ́n àtigba kóòdù yẹn lẹ́nu yín lọ. Àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ tẹ **21* pẹ̀lú nọ́ńbà kan láti tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ṣe. Irọ́ ni: gbogbo ìpè yín ni ẹ ń darí sọ́dọ̀ wọn, WhatsApp tí ó lè pe ènìyàn láti ka kóòdù náà yóò sì kà á sí wọn létí. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ yára tẹ ##21# láti fagi lé e.

Ohun tí ó lè dá wọn dúró ti wà nínú fóònù gbogbo yín láti ọdún 2017, ọ̀fẹ́ sì ni. Two-step verification (ìdánimọ̀ onígbèésẹ̀ méjì) ni wọ́n pè é, ó wà ní Settings lábẹ́ Account, n kò sì ní í kọ́ yín bí a ṣe ń débẹ̀, nítorí ẹni tí ó lè wo Status igba ènìyàn kí ó tó jẹun àárọ̀ yóò rí i. PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ bá yàn síbẹ̀ ni WhatsApp yóò bi olè náà, kódà bí kóòdù bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ ìbí ọmọ yín ṣe é, èyí tí ẹ ti gbé àkàrà òyìnbó kéde sórí Facebook pẹ̀lú orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ láyà aṣọ. Ẹ fi ímeèlì yín sí i pẹ̀lú, kí ẹ lè rí PIN náà tún ṣe bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fi PIN sí i, olè ni yóò fi tirẹ̀ sí i. Ẹ ó wá gba kóòdù tuntun, ẹ ó bá PIN tí ẹ kò mọ̀ níwájú, ẹ ó sì ní láti dúró fún ọjọ́ 7. Àmọ́ ní kété tí ẹ bá ti tẹ kóòdù tuntun náà, WhatsApp ti lé olè náà jáde, bí ẹ̀yin fúnra yín kò tilẹ̀ tíì ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ tún nọ́ńbà yín tẹ̀ sínú WhatsApp lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Dípò bẹ́ẹ̀, oníbàárà mi kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Gbági kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ááfà lọ. Ááfà ní ẹni tí wọ́n jọ ń tajà ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì gba owó oyin àti ẹyẹlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá ọ̀kan pàdé nínú àwọn tí ń kéde lórí Facebook pé àwọn ń bá ènìyàn gba àkáǹtì padà. Òun náà gba owó, ó sì tún ní kí wọ́n ka kóòdù tuntun tí ó wọlé fún òun. Wọ́n kà á!

Ní gbogbo àkókò yìí, olè náà ń kọ̀wé sínú ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí wọn pé: “Ẹ kú àárọ̀ mà, báǹkì mi kò ṣiṣẹ́, ẹ bá mi fi ₦50,000 ránṣẹ́ síbí, mà á dá a padà ní ìrọ̀lẹ́.” Ìyá yìí kì í kọ̀wé. Ohùn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ màmá àgbàlagbà kan fi owó náà ránṣẹ́ láìpe lórí ìlà lásán, títí di òní ni wọ́n sì gbà pé oníbàárà mi ni ó jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí wọ́n tó dé báǹkì, owó sì ti fò. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ní láti pe báǹkì tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, kí wọ́n lè bá báǹkì tí ó gba owó náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì dí i mọ́bẹ̀, kí ó tó wá forí lé àgọ́ ọlọ́pàá.