Wọ́n Ní Ajá Doodle Kì Í Jogún Àìsàn

Bí ẹ bá ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Houston, tí ọmọ yín sì ti ń bẹ̀ yín pé òun fẹ́ ajá, kò ní pẹ́ kí ẹnìkan tó júwe doodle fún yín. Irun rẹ̀ ká kóró-kóró, ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Òbí rẹ̀ kan jẹ́ Poodle. Ìkejì lè jẹ́ Labrador, Golden Retriever, Cocker Spaniel tàbí Cavalier. Nígbà tí owó bá kù díẹ̀ kó kúrò lọ́wọ́ yín ni ẹ ó gbọ́ gbólóhùn tí mo fẹ́ bá jà lónìí: "Àdàpọ̀ ni, kò lè ní àìsàn ìdílé. Ajá tí kò ní àdàpọ̀ ni irú ìyẹn ń bá jà."

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá ló sì ń jìyà nítorí pé olówó wọn gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí orúkọ yìí ti lókìkí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Wally Conron ló ń bójú tó bíbí ajá fún ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ajá afinimọ̀nà fún àwọn afọ́jú ní ìpínlẹ̀ Victoria, ní Ọsirélíà. Obìnrin kan tí kò ríran kàn sí wọn láti Hawaii: ó nílò ajá tí yóò máa mú un rìn, ṣùgbọ́n ara ọkọ rẹ̀ kò gba ajá. Conron kọ́kọ́ gbójú lé Poodle. Ó dán Poodle 33 wò láàárín bí ọdún mẹ́ta, kò sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ló bá so Labrador pọ̀ mọ́ Poodle, wọ́n sì bí mẹ́ta. Ó mú irun àti itọ́ wọn, ó fi ránṣẹ́ sí Hawaii kí wọ́n fi dán ara ọkọ obìnrin náà wò. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹyọ kan péré ni ara ọkùnrin náà gbà. Sultan ni orúkọ rẹ̀.

Ìyá kan, bàbá kan, inú kan náà ni wọ́n ti jáde, síbẹ̀ ẹyọ kan ló yege. Conron kò sì fi ojú mọ èyí tó yege. Àyẹ̀wò ló sọ fún un. Àmọ́ orúkọ "Labradoodle", tó sọ wọ́n kí àwọn tó ń retí ajá má bàa kọ àdàpọ̀, ni ayé gbé lọ, wọ́n fi àyẹ̀wò sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Conron darúgbó, ó sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ ohun tí òun dá sílẹ̀, nítorí àwọn tó ń fi í wá owó láì bìkítà fún ìlera ajá.

Ìgbàgbọ́ yìí ní gbòǹgbò ṣá o. Àgbẹ̀ tó bá ti gbin àgbàdo hybrid rí mọ̀ pé ó máa ń ṣe dáadáa ju irú méjì tí wọ́n fi bí i lọ. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá ṣa irúgbìn lára rẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, agbára yẹn á ti dín. Ohun tó ń fún un lágbára ni pé àbùkù tó fara pamọ́ sára irú kan, ìkejì kò ní in, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé àbùkù kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì ńkọ́?

Kò yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ ṣòro fún wa, torí omijé la fi kọ́ ọ. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá fẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ìlú wọn jìnnà síra, ìdílé wọn ò pàdé rí. Ṣé ìyẹn ní kí pásítọ̀ má béèrè genotype wọn? Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lóyún rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Jíjìnnà ìlú kò dín in kù.

Irú rẹ̀ gan-an wà lára ajá. Àìsàn ojú kan wà tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní prcd-PRA, tó máa ń ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ajá á kọ́kọ́ máa fẹsẹ̀ kọ nǹkan lálẹ́, á máa lọ́ra lórí àtẹ̀gùn bí iná bá ti kú. Nígbà tó bá yá, ojú á fọ́ pátápátá, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ohun tó ń fà á wà lára Poodle, ó wà lára Labrador, ó wà lára Golden Retriever àti Cocker Spaniel, àbùkù kan náà nínú àbùdá (gene) kan náà. Ajá tó gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ òbí kan dà bí AS: àìsàn yìí kò ní mú un. Ṣùgbọ́n bí Poodle tó gbé e bá pàdé Cocker tó gbé e, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti fọ́jú. Kí ni àdàpọ̀ wá bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀?

Nítorí náà, àwọn àìsàn tí ẹ̀yà méjèèjì jọ ní ni ká kọ́kọ́ máa wá. Poodle àti Bernese Mountain Dog jọ ní von Willebrand, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá bí ajá bá fara pa. Bernedoodle lè gbà á lọ́wọ́ méjèèjì. Poodle ńlá, Labrador àti Golden jọ ní ìṣòro oríkèé ìbàdí tí kò wọnú ara rẹ̀ dáadáa.

Èyí kò ní ká lé gbogbo ajá tó gbé àbùkù kan dànù. AS ń fẹ́ AA, wọn kì í sì í bí SS. Ajá oníwà tútù tó gbé ẹyọ prcd kan lè bímọ pẹ̀lú èyí tí kò gbé e rárá, prcd kò sì ní fọ́ ojú ọmọ kankan. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni láti sọ ẹni tó yẹ kó fẹ́ ẹni.

Ti ìbàdí yàtọ̀, torí DNA nìkan kò lè sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àbùdá ló ń fà á, oúnjẹ àti sísanra náà sì ń dá kún un. X-ray ni wọ́n máa ń ya fún bàbá àti ìyá. Ní Amẹ́ríkà, OFA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ èsì àyẹ̀wò ìlera ajá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, kì í fún ìbàdí ajá ní èsì ìkẹyìn kó tó pé oṣù 24. Nílùú ọba, máàkì ìbàdí bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 106. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Bí ẹnì kan ní Texas bá sọ fún yín pé ìyá ajá òun jẹ́ ọmọ oṣù 15, pé ìbàdí rẹ̀ sì ti gba èsì ìkẹyìn OFA, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ́.

Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Davis gbé ìwádìí jáde lórí ajá tó lé ní 27,000 àti àìsàn ìdílé 24. Mẹ́wàá nínú àìsàn náà pọ̀ jù lára ajá tí kò ní àdàpọ̀. Òtítọ́ ni, kò yẹ ká fi pamọ́. Ṣùgbọ́n 13 kò ṣe ojúsàájú rárá, ti ìbàdí sì wà lára wọn, ẹyọ kan sì pọ̀ jù lára àdàpọ̀. Ní 2024, Royal Veterinary College ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá wo Cockapoo (Cocker àti Poodle), Labradoodle àti Cavapoo (Cavalier àti Poodle) gan-an, wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹ̀yà tó bí wọn lórí àìsàn 57. Ó lé ní ìdá 86 nínú 100 ìfiwéra náà tí wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan.

Gbólóhùn kan tún wà tó ń tan èèyàn: "Dókítà ẹranko ti yẹ̀ ẹ́ wò." Ó lè jẹ́ òótọ́. Dókítà gbọ́ bí ọkàn ọmọ ajá ṣe ń lù, ó wo etí àti ìdodo, ó fún un lábẹ́rẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí yóò fọ́jú lọ́dún márùn-ún sí i, ó ń ríran kedere lọ́jọ́ yẹn. Àyẹ̀wò tí mò ń sọ, ara bàbá àti ìyá ni wọ́n ti ń ṣe é, kí akọ tó gun abo rárá. Ó sì máa ń dùn mí pé lọ́pọ̀ ìgbà, owó ọmọ ajá kan ṣoṣo tó láti san ti DNA òbí méjèèjì, kó sì tún ṣẹ́ kù.

Bí ẹ bá pe ẹni tó ń tà á, ẹ gba orúkọ ìyá àti ti bàbá bó ṣe wà lórí ìwé àyẹ̀wò, pẹ̀lú nọ́ńbà microchip wọn (ẹ̀rọ kékeré ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá), kí ẹ rí i pé wọ́n bára mu. Ní Amẹ́ríkà, ẹ lè fúnra yín wá ajá náà lórí ìkànnì OFA lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè prcd bàbá, kí ẹ béèrè ti ìyá. Bí ẹ̀yà wọn bá tóbi, ẹ béèrè ìbàdí àwọn méjèèjì. Bí Cavalier bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè nípa ọkàn, torí ibẹ̀ ni àìsàn ti ń bá ẹ̀yà yẹn jà jù. Bí wọ́n bá ní ti ìyá wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ti bàbá kò sí nítorí wọ́n yá a lò ni, genotype ẹnìkan ṣoṣo la ṣì mọ̀ nínú tọkọtaya. Ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò títí ìwé bàbá yóò fi dé.