Ara Mọ̀ Ọ́n, Ẹnu Ò Mọ̀ Ọ́n

Ìyá ìyàwó mi ló bi mí léèrè lọ́jọ́ tí mo san owó kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí mo lọ láti di akọ́nimọ̀ọ́gbá. "Bàbá Tóyìn, ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Kí ló tún wá kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ yín?" Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ohun tó wà lọ́kàn èmi náà nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí ni mo ń wá lọ, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ọmọ méjìlá fún mi, wọ́n ní kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù nígbà tí ọ̀tá wà lẹ́yìn, kí wọ́n sì yí padà. Mo to kóònù mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n máa wò mí. Bọ́ọ̀lù dé, mo fi èjìká tan ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ó gba ọ̀tún, èmi ti gba òsì lọ. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo tún un ṣe, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó kàn wọ́n, bọ́ọ̀lù ń ta dànù lẹ́sẹ̀ wọn bí ẹni pé òkúta ló bà. Mo wá ń pariwo: "Ẹ ṣe é bí mo ṣe ṣe é!" Olùkọ́ wa fọn fèrè, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kóòṣì, láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwọ lò ń gbá bọ́ọ̀lù. Èwo lo wá kọ́ àwọn ọmọ?"

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rí i. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ò ju ìyẹn lọ, mi ò sì sọ ọ́ fún wọn, torí mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ara mi mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n. Ìdí rèé tí CAF, àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, fi to ìwé àṣẹ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá bí àkàsọ̀: D, C, B, A, kó tó wá kan Pro lókè téńté. Bó o gbá góòlù igba, ìyẹn nìkan ò sọ ẹ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ẹ wo Stephen Keshi. Òun ni balógun Super Eagles tó gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia lọ́dún 1994. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Lokeren àti Anderlecht ní Belgium, ó gbá a fún Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Síbẹ̀, Amẹ́ríkà ló gbà lọ nígbà tí eré ń tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó ṣe igbákejì lábẹ́ ẹlòmíì. Lọ́dún 2004, Togo gbé ikọ̀ wọn lé e lọ́wọ́, ó sì mú orílẹ̀-èdè tí kò dé Ife Àgbáyé rí dé ti ọdún 2006 ní Jámánì. Àmọ́ Togo fìdí rẹmi nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ni wọ́n bá yọ ọ́. Òun ló ro oko, Otto Pfister tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ló jókòó ti iṣu. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni purọ́ fún yín. Ó lọ sí Mali. Ìparí ọdún 2011 ni Nàìjíríà tó pè é, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2013, ó gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa: 1-0, Burkina Faso ló nà. Sunday Mba, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí nígbà náà, ló gbá a wọlé. Ọdún 19 ló wà láàárín ife méjèèjì.

Ti okòwò ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa máa ń bọ́ sí kòtò. Owó tí wọ́n ń pè ní sign-on, èyí tí ẹgbẹ́ ń fún agbábọ́ọ̀lù nígbà tó bá fọwọ́ síwèé àdéhùn, máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni, ó sì máa ń jọ pé kò ní tán. Ọkọ̀ takisí Máíkírà méjì ni mo fi tèmi rà sí títì Ìbàdàn. Ní gbogbo Sátidé, dírẹ́bà á dé pẹ̀lú páàtì tó dúdú fún ọ́ìlì nínú ọ̀rá, á ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ti jẹ." Kí ni mo mọ̀ nínú ẹ́ńjìnì? Mo á wò ó, mo á mi orí, mo á fowó sílẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí mo tà wọ́n ní iye irin. Bàtà bọ́ọ̀lù tòkunbọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí tà lẹ́yìn náà ló mówó wọlé. Bí mo bá ti tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà pẹ̀lú àtàǹpàkò, mo ti mọ̀ bóyá á lo sáà kan tán. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn pa mí láyò.

Ohun tí mo rí lára Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ìgbà kan, náà nìyẹn. Ó ti kàwé ẹ̀rọ ní Poly Ìbàdàn, ó sì jẹ góòlù méjì nínú mẹ́ta tí a fi na Algeria nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1980. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ tí ìwé àti bọ́ọ̀lù ti ń rìn pọ̀ ló dá sílẹ̀ ní Wasinmi, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ohun méjèèjì tó mọ̀ ló kó pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dá ilé ìkọ́bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kó kọ́kọ́ ra ìwé tó máa fi ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ kí ó tó ra bọ́ọ̀lù. Òfin FIFA ni pé bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 dé 23. Sáà kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 jẹ́ ìdá 0.25, láti 16 lọ sókè, ìdá 0.5. Bó o tọ́ ọmọ ní ọdún 16, 17 àti 18, tí wọ́n wá tà á ní mílíọ̀nù kan yúrò, 15,000 yúrò ni tìrẹ. Bí wọ́n bá tún un tà, wàá tún gbà. Àmọ́ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ àti ti ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, sáà lórí sáà.

Mo mọ ọ̀gá kan tó fún ọmọ kan ní bàtà, oúnjẹ àti ibùsùn fún ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà ti wà ní Yúróòpù báyìí, wọ́n ti tà á lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́tò ló wà lára ògiri pálọ̀ ọ̀gá náà: ọmọdé kan nínú jẹ́sì tó tóbi jù ú lọ, tó ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá bèèrè ìwé, fọ́tò yẹn náà ló máa ń nawọ́ sí.